Ta Ló Ṣí Ímeèlì Àrínọlá?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ṣí ímeèlì yín fún yín? Ẹ má tíì fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin fúnra yín ni. Mo mọ ara wa. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ra fóònù, ẹni tó tà á fún wa ló bá wa ṣí i. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, à ń mu píọ̀ wọ́tà, a ò tilẹ̀ béèrè pé nọ́ńbà ta ni ó fi sí i.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ fún àìmọye ènìyàn ní Mushin. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Orúkọ nìkan ló ní kí n yí padà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọláyíwọlá. Yíwọlá ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é.

Kí Yíwọlá tó di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Yaba, ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Mùktárù lorúkọ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń ta fóònù, ó sì ń tún un ṣe, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Ọjúwòyè. Iṣẹ́ Yíwọlá ni kó máa bá àwọn oníbàárà ṣí ímeèlì kí fóònù tuntun wọn lè ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà náà kì í rántí páásíwọ́ọ̀dù. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà wá da ṣọ́ọ̀bù láàmú. Ni Mùktárù bá ní kó máa fi páásíwọ́ọ̀dù kan náà sí gbogbo rẹ̀, kó sì máa lo nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹni tó bá gbàgbé, á wá bá wa níbí," ni Mùktárù wí. "No wahala."

Kò sì sẹ́ni tó rí aburú kankan níbẹ̀. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yẹn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí Mùktárù fún ìyàwó rẹ̀ ní fóònù tuntun, Yíwọlá náà ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ímeèlì. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ló fi sí i, orí fóònù ńlá tí wọ́n fi ń ṣe é fún gbogbo ayé ló sì ti ṣe é. Nígbà tó parí, kò yọ ímeèlì náà kúrò lórí fóònù ńlá yẹn. Ta ló máa ń yọ ọ́?

Àrínọlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló mú un wá sí Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìyá wọn kú. Nígbà tí Yíwọlá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí Mùktárù fajú ro, Àrínọlá ló dúró láàárín àwọn méjèèjì títí inú ọkọ rẹ̀ fi rọ̀. Ìpọ̀nrí ló ń gbé, níbi tó ti ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, Ummulkhair.

Nígbà tó bí Ummulkhair, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Oyún tó tẹ̀lé e kò dúró, òun náà fẹ́ gbé e lọ. Dókítà mú un jókòó, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó mọ síbí. Òmíràn lè pa yín."

Mùktárù ní dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Ọmọkùnrin ló ń wá. Ìyá rẹ̀ náà kò sì fi ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá wá kí wọn.

Ni Àrínọlá bá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Surulere, wọ́n fi nǹkan sí ilé ọmọ rẹ̀ kí ó má baà lóyún mọ́. Kò sọ fún ọkọ. Kò sọ fún ọ̀rẹ́. Yíwọlá nìkan ló sọ fún, nítorí ó ní tí nǹkan bá ṣe òun, ó yẹ kí ẹnì kan mọ ohun tó wà lára òun.

Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, torí òun gan-an ni ìtàn wa.

Ilé iṣẹ́ tí Yíwọlá wà ní Yaba ló kọ áàpù fún ilé ìwòsàn yìí, ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní JavaScript. Inú áàpù náà ni aláìsàn ti ń rí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa padà wá. Tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn bá fẹ́ wọlé, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, á tẹ kóòdù náà, fáìlì rẹ̀ á ṣí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kóòdù náà kì í tètè dé. Ìgbà mìíràn, ènìyàn á ti sùn kó tó dé. Àwọn aláìsàn ń ráhùn, ilé ìwòsàn náà ń pariwo lé ilé iṣẹ́ Yíwọlá lórí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi Google wọlé," ni ọ̀gá wọn, Rótìmí, wí. "Kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó parí. Yíwọlá, ìwọ ni kó o ṣe é."

OAuth ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Áàpù á bi Google pé, "Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?" Google á ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ímeèlì rẹ̀ rèé." Bí ímeèlì yẹn bá ti bá èyí tó wà nínú fáìlì mu, áàpù á ṣílẹ̀kùn.

Jael, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yíwọlá, wo iṣẹ́ náà, ó sì mi orí.

"Wàá kàn ṣílẹ̀kùn fún un báyẹn ni?"

"Google ti ní òun mọ̀ ọ́n nà."

"Google ní òun mọ ímeèlì. Kò ní òun mọ ẹni tó di fóònù mú. Yíwọlá, fáìlì ilé ìwòsàn ni o! Tí fóònù tí a ò rí rí bá fẹ́ ṣí i, jẹ́ kí kóòdù kọ́kọ́ lọ sí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Ẹ̀ẹ̀kan péré fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò tún ní rí kóòdù mọ́."

Yíwọlá mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Àwọn yòókù, ilé tí bàbá àti ìyá wọn ti fún wọn ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti wá. Òun ló mọ̀ pé ní Mushin, orúkọ ẹnì kan lè wà lórí ímeèlì kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń lò ó. Ó kọ ìlà kan sínú iṣẹ́ náà tó ń ṣe ohun tí Jael wí. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tó wá wo iṣẹ́ náà, Rótìmí ní kí olúkúlùkù wá aláìsàn tòótọ́ tó máa lò ó níwájú gbogbo ènìyàn. Yíwọlá gba Ìpọ̀nrí lọ. Ó bá Àrínọlá lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ aláwọ̀ ewé kún inú iyàrá.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi ṣe é. Ẹ sáà máa ń lọ sí ilé ìwòsàn yẹn."

Àrínọlá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Káàdì oníbébà ni mo fẹ́ràn, Yíwọlá. Mo mọ ibi tí mo ń fi í pamọ́ sí. Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní rí ti inú áàpù yẹn?"

"Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò lè rí i."

"Bàbá Ummul ńkọ́?"

"Báwo ló ṣe máa rí i, Àǹtí mi? Ẹ̀yin lẹ ni fóònù yín."

Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lójú rẹ̀, kò purọ́, torí ìlà Jael ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àrínọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni òun tún fẹ́ gbà gbọ́ tí òun ò bá gba àbúrò òun gbọ́.

Ọjọ́ pé. Kí àwọn àlejò tó dé, Rótìmí ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lójú òun. Wọ́n mú fóònù tuntun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Áàpù ní kí wọ́n dúró de kóòdù. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Rótìmí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé.

"Kí la wá ń ṣe? A ní tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a tún jókòó de kóòdù bí ìgbà àtijọ́! Yíwọlá, ṣé o ò lè gbé nǹkan yẹn kúrò fún òní yìí nìkan?"

Jael ò sí nítòsí, ó ti lọ pàdé àwọn àlejò nísàlẹ̀. Yíwọlá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe, torí ó kéré débi pé kò yẹ kó ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Nínú JavaScript, tí ẹ bá fi ìlà dídagun méjì, báyìí //, síwájú ohun tí ẹ kọ, kọ̀ǹpútà á fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á, ṣùgbọ́n kò ní ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ìlà dídagun méjì yẹn ni Yíwọlá fi síwájú ìlà Jael. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á yọ ọ́ tí àwọn àlejò bá ti lọ.

Àwọn àlejò dé. Àrínọlá wà lára àwọn tó lò ó, ó wọ aṣọ tó dára, ó di fóònù rẹ̀ mú. Ó tẹ̀ ẹ́, fáìlì ṣí.

"Yíwọlá, ó ti wọlé o!" Kò lè pa á mọ́ra. "N kò tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àgbà dókítà ilé ìwòsàn náà dìde, ó bọ Yíwọlá lọ́wọ́. Rótìmí sọ níwájú gbogbo wọn pé láti òní lọ, Yíwọlá ni olórí àwọn tó ń kọ áàpù nínú ilé iṣẹ́ náà. Inú Àrínọlá dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní kí ìyá àwọn rí àbúrò òun lónìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun náà fún gbogbo aláìsàn.

Lọ́jọ́ kejì, Jael bi í léèrè. Rótìmí ti sọ ohun tí wọ́n gbé kúrò fún un.

"Ṣé o ti dá ìlà yẹn padà?"

"Mo ti dá a padà."

Irọ́ ni. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe é kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyẹn ni kò fi kà á sí irọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ilé ìwòsàn pè pé àwọn aláìsàn ò ráhùn mọ́, wọ́n ń dúpẹ́ ni. Rótìmí gbé fóònù sétí Yíwọlá kó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tó bá yọ ìlà dídagun méjì yẹn, kóòdù á padà, ìdúró á padà, ìráhùn á padà, wọ́n á sì béèrè pé kí ló tún dé. Láràárọ̀ ni Yíwọlá ń ṣí ibẹ̀. Á wò ó, á gbé ọwọ́ lé e, á sì pa á dé. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Ọ̀sẹ̀ kọjá. Ó ní kí oṣù parí ná.

Ṣé kò rántí ṣọ́ọ̀bù Mùktárù ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rántí. Ó ní tí ó bá ti wá sí òun lọ́kàn ni òun máa ń sọ fún ara òun pé fóònù ńlá yẹn á ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Mùktárù pè é. Ohùn rẹ̀ tutù. "Yíwọlá, yà sí ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi wò."

Yíwọlá rò pé fóònù kan ló fẹ́ kí òun bá a tún ṣe. Ó ra ọsàn dání.

"Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó."

Mùktárù fa dúrọ́ọ̀, ó gbé fóònù ńlá kan jáde, ojú rẹ̀ ti sán, wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ igun rẹ̀. Ó gbé e sórí gíláàsì tí wọ́n ń to fóònù sí.

"O rántí fóònù yìí?"

"Mo rántí ẹ̀, sà."

"Ímeèlì kan wọlé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, n kì í wò ó. 'Ẹ káàbọ̀, Àrínọlá. Ẹ tẹ ibí láti rí fáìlì yín.' Mo ní àwọn oní-gbájúẹ̀ tún ti dé nìyẹn, wọ́n fẹ́ lu ìyàwó mi ní jìbìtì. Mo ní kí n wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé kí n fi Google wọlé, mo ní ó yá." Ó gbójú sókè. "N kò tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Yíwọlá."

Ó yí fóònù náà sí i. Orúkọ Àrínọlá ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tó máa padà wá, àti ohun tó máa wá ṣe: àyẹ̀wò ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ohun tí wọ́n fi sí i lára wà níbẹ̀ ketekete, àti ọdún tí wọ́n fi sí i. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí Yíwọlá fi gbogbo ọjọ́ kan yan àwọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Gbogbo àdúrà tí ìyá mi ń gbà," ni Mùktárù wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Gbogbo ààwẹ̀ tí mo gbà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ń jí bá mi ṣe sààrì, ó ń ṣe àmín sí i." Ó nàka sí fóònù náà. "Ìwọ lo kọ nǹkan yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o mọ̀?"

Yíwọlá gbé ọsàn tó rà sórí gíláàsì.

"Mo ní, ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ fi nǹkan sára?"

Òun nìkan ló mọ̀ ní gbogbo ayé. Òun nìkan ló lè sọ níbẹ̀ pé dókítà ní ikú ni, pé kì í ṣe ọ̀tá ni Àrínọlá ń bá ọkọ rẹ̀ ṣe, pé ó fẹ́ wà láàyè fún ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu rẹ̀.

"N kò mọ̀, sà," ni Yíwọlá wí.

Mùktárù mi orí. "Ó dáa. Nítorí tó bá jẹ́ pé o mọ̀ ni, o ò ní tún fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́."

Ọsàn náà wà lórí gíláàsì nígbà tó jáde. Ó ní òun rìn dé ibi tí òun ti máa wọkọ̀, òun sì rìn kọjá ibẹ̀. Ó yẹ kó sáré pe Àrínọlá kó mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a nílé. Kò pè é.

Mùktárù kò fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí ló pè jọ sí pálọ̀, wọ́n gbé fóònù náà kalẹ̀ láàárín wọn, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ohun tí Àrínọlá ò jẹ́ kí ìyá tó bí ọkọ rẹ̀ fura sí, àwọn arákùnrin ọkọ ń kà á sókè. Wọ́n ní kí Àrínọlá lọ yọ ohun tó wà lára rẹ̀. Tí kò bá yọ ọ́, kó máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀, Ummulkhair á sì dúró.

Ó sọ ohun tí dókítà sọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tó fi ń fi í pamọ́?

Ẹ má sọ fún mi pé ì bá ti jáde. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wò, ó gbé ara rẹ̀ wò, ó mú ọmọ rẹ̀. Mùktárù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé e lọ sí Surulere, ó dúró síta títí wọ́n fi yọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn èyí ni Àrínọlá pe Yíwọlá. Ó bá a lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n kò ránṣọ. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní kó jókòó.

"Báwo ló ṣe rí i?"

"Àǹtí mi, àwọn Google yìí ni o. Wọ́n máa ń gbé ímeèlì láti orí fóònù kan sí òmíràn. N kò lè ṣe nǹkan kan sí i."

Ó tún rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Àrínọlá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbà á gbọ́. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ohun tó dun Yíwọlá jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omi lójú.

"Ó dáa," ni Àrínọlá wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò yé mi. Nígbà tí áàpù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rí i lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí a jọ ń jókòó de dókítà. Tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kóòdù á kọ́kọ́ wá sórí fóònù wọn. Wọ́n máa ń bínú pé kì í tètè dé. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ummul wọlé, kí ló dé tí kóòdù kankan ò wá sórí fóònù mi?"

Yíwọlá wo ilẹ̀.

"Ká ní ó wá ni, ǹ bá mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ǹ bá ti mọ ohun tí mo máa sọ. Kí ló dé tí kò wá?"

"Àǹtí mi..."

"Yíwọlá, mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa Jael, nípa ìlà dídagun méjì, nípa àtẹ́wọ́, nípa gbogbo òwúrọ̀ tó fi ń ṣí i tó sì ń pa á dé. Kò pẹ́ rárá láti sọ.

Àrínọlá jẹ́ kó parí. Ó wá ní, "Àwọn àgbà yẹn bi Bàbá Ummul pé ta ló tún mọ̀. Ó ní òun ti bi ẹ́, o ní o ò mọ̀. Mo ní ó ń purọ́ mọ́ ẹ. Níwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, pé àbúrò mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Yíwọlá dọ̀bálẹ̀ sáàárín aṣọ tó wà nílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìyá wọn tó ti kú bẹ̀ ẹ́. Àrínọlá ò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Nígbà tó yá, ó fa aṣọ kan lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà rún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Yíwọlá yọ ìlà dídagun méjì náà. Ó dán an wò. Fóònù tuntun kọ̀, ó ní àfi tí kóòdù bá kọ́kọ́ lọ sí fóònù ẹni tó ni fáìlì. Ó ń ṣiṣẹ́ bí aago. Jael rí i pé ohun kan yí padà, ó yíjú sí i.

"O ní o ti dá a padà."

Jael gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Rótìmí. Rótìmí bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti fẹjọ́ sùn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kò tíì sí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ síta. Ó gba ipò olórí lọ́wọ́ Yíwọlá, kò lé e. Jael ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ju ti iṣẹ́ lọ. Yíwọlá máa ń ronú nípa àwọn obìnrin mìíràn tó wà nínú áàpù yẹn, àwọn tí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ṣí ímeèlì. Kò mọ̀ wọ́n, kò sì ní ọ̀nà tó fi lè bi wọ́n.

Kò pẹ́ tí Àrínọlá fi lóyún.

Yíwọlá ń lọ kí i. Mùktárù ò lé e, torí ó ṣì gbà pé kò mọ nǹkan kan. Inú Mùktárù dùn, ó ń ra èso wálé, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ tó ti pẹ́ tí kò pè é. Ilé ìwòsàn ní kó wá dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Dókítà tó ń wò ó kì í wo ojú rẹ̀ tó bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Yíwọlá. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Fóònù tuntun kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú páálí, wọn ò tíì ṣí i. Ummulkhair ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì, bàbá rẹ̀ ló rà á fún un.

"Bàbá ẹ̀ ní òun á bá a ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù," ni Àrínọlá wí. "Mo ní rárá, àbúrò mi á ṣe é."

"Àǹtí mi, ẹ ṣì lè fi nǹkan lé mi lọ́wọ́?"

"N kò fi í lé ẹ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọ náà ni mo ní kó o fi í lé." Ó pe Ummulkhair wọlé, ó ní kó jókòó ti àbúrò òun. "Jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tó bá fi sí i, gbójú kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kó lò, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, kì í ṣe tìẹ."

Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Ojú fóònù yí padà, ó tún ń béèrè nǹkan mìíràn. Ummulkhair fi han Yíwọlá.

"Àǹtí mi," ni Yíwọlá wí, "ó ń béèrè nọ́ńbà ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣé kó fi tiyín sí i?"

Àrínọlá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó tẹ orí ba lé fóònù, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́.

"Tí wọ́n bá pè é nígbà náà, Yíwọlá, ta ló máa gbé e?"

Yíwọlá ní kí Ummulkhair fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.